Tẹmositáàtì Màmá Agbẹ̀bí

Ọjọ́ tí Màmá Agbẹ̀bí sọ pé àwọn fẹ́ wá mẹkáníìkì mìíràn, mo pa gbogbo iṣẹ́ yòókù tì. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Addo ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi láti Thomas Estate, àwọn náà ló sì gbẹ̀bí fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìjàpá ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kékeré tó yí bìrìkìtì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò ní rédíétọ̀, kì í lo omi. Atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Irú rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n máa yọ ni tẹmositáàtì, irin kékeré tó ń dá atẹ́gùn dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó. Wọ́n ní àwọn òyìnbó inú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún, ta ni òtútù ń mú ní Ajah? Mo yọ ti Ìjàpá, ó sì sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe wàhálà.

Nígbà tó yá, ọmọ Màmá ra ọkọ̀ kékeré Japan fún wọn. Omi ló ń tu èyí lára, kọ̀ǹpútà ló sì ń bu epo fún un. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n tún yọ tẹmositáàtì rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. N kò tilẹ̀ bi wọ́n. Kò pẹ́ tí iná ìkìlọ̀ fi tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, tí ọkọ̀ kékeré sì ń mu epo bí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo fọ nọ́súlù, iná kò kú.

"Lánre, aboyún kì í dúró de mẹkáníìkì," ni Màmá wí. "Bí ò bá dáa títí Sátidé, màá gbé e fún ẹlòmíì."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé mo ti ba ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́. Mo wa ọkọ̀ náà lọ bá ọ̀gá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sí Láńgbàsà. Wọ́n wo ọwọ́ ojú dáṣíbọọ̀dù tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó; kò gbéra nílẹ̀.

"Ṣé o yọ tẹmositáàtì ni?"

"Mo yọ ọ́, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Ìjàpá ni mo fi kọ́ ẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Eléyìí, bó bá ti ń tutù, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i kó lè gbóná. Lọ dá a padà."

Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kì í da irin nù. Nínú agolo mílíìkì, láàárín àwọn bóòtù àtijọ́, ni mo ti rí i. Mo dá a padà, mo yọ okùn bátìrì díẹ̀ kí iná ìkìlọ̀ náà lè kú, mo sì gba ẹkisipírẹ̀ẹ̀sì láti Ajah dé Lekki, mo tún wà á padà. Ọwọ́ náà gòkè dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Iná kò tàn mọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Ní Sátidé, mo gbé ọkọ̀ lọ sílé Màmá, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìkókó lo bọ́ láṣọ sínú òtútù yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń mu ọmú láìdákẹ́."

Wọ́n wọlé, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sílé jáde.

"Máa gbé ìyẹn lọ, mo ti fún ẹ. Ẹ̀yin méjèèjì mọwọ́ ara yín. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, kí o tó yọ nǹkankan lára ẹ̀ mọ́, kí o kọ́kọ́ bi mí."

Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Ìjàpá dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló jẹ́ kí n mí kanlẹ̀: èmi ṣì ni mẹkáníìkì wọn.