Ìyá Télọ̀ Ń Wá Ibi Tí Ọmọ Yóò Ti Ṣeré

Ní ilé tí à ń gbé ní Ìgándò, kò sẹ́ni tó ń pe Wàsílátù ní orúkọ rẹ̀. Ìyá Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wa. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń jókòó tì í láti bá a rán bọ́tìnì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọwọ́ ara wa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í fi aṣọ ṣòfò. Àjákù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò ká a, yóò fi í sínú àpò. Ó máa ń sọ fún mi pé aṣọ tí a bá ti gé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́, nítorí náà kí n ronú dáadáa kí n tó gbé àlùmọ́gàjí.

Al-Ameen, ọmọ ọmọ rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní ọdún 2013 tí mo ń sọ yìí. Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló fi í sí. Ilé wa kò ní àgbàlá. Bí ọmọdé bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, ojú títì ló bọ́ sí. Níbẹ̀ ni ọ̀kadà ti gbá a níbi tó ti ń lé táyà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán. Nígbà tí wọ́n tú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í kúrò, dókítà ní eegun ti jinná. Ó ní ohun tó kù kò sí nínú oògùn: kí ọmọ náà máa sáré, kó máa gun nǹkan, kó máa fò, kí ẹsẹ̀ náà má baà gan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Al-Ameen kò rìn. Bó bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, yóò di ògiri mú. Ìdí ló fi ń wọ́ láti yàrá dé ibi ẹ̀rọ ìránṣọ.

Báyìí ni Ìyá Télọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọmọ lè ti ṣeré láìsan owó. Ní gbogbo Sátidé, yóò pọ̀n ọ́n, èmi a sì gbé ike omi tẹ̀lé wọn. A lọ sí pápá ilé ìwé, wọ́n ti ti géètì pa. A lọ sí pápá kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, àwọn géńdé ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan fò kọjá lórí wa, Al-Ameen sì fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀ títí a fi délé. Ní Ìyànà Ìpájà, a rí jangilọ́fà nínú ilé oúnjẹ kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀. A tún rí ohun pupa gíga kan tí àwọn ọmọ ń gùn lọ sókè tí wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra oúnjẹ nìkan ni ọmọ rẹ̀ lè wọlé. Ìyá Télọ̀ dúró síta, ó ń wò ó. Kò bínú. Ó kàn ní kí n wo àtẹ̀gùn rẹ̀, pé kò ga jù fún Al-Ameen.

Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ló fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún eré ọmọ tálákà ní Èkó yìí. Olúbọ̀dé tó ń tún rédíò ṣe ní kó kúkú pọ̀n ọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Oníbàárà rẹ̀ kan, tíṣà ará Èkìtì tó ń jẹ́ Agnes, ló sọ fún un pé ọgbà ìjọba kan wà lọ́nà Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ṣe sórí ààtàn àtijọ́, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Ìyá Télọ̀ mọ ibẹ̀. Èmi náà mọ ibẹ̀. Iwájú rẹ̀ la máa ń gbà kọjá bí a bá ń lọ ra òwú ní Shasha. Ṣùgbọ́n a rí irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, a rí òdòdó, a rí ọkùnrin tó wọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà, a sì gbà pé ilé olówó ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kí a má wọlé. Àwa fúnra wa la sọ fún ara wa.

Nígbà tí Sátidé dé, Ìyá Télọ̀ wọ aṣọ Iléyá fún ọmọ náà: fìlà, àti jalámíà funfun tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ ló fi ṣe ọnà ọrùn rẹ̀, ó sì gbà á ní oṣù kan. Òun náà wé gèlè. Ó ní ibi tó dára tó báyẹn, kí wọ́n má lọ rò pé alágbe ni wá.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà, tí wọ́n kọ Nùrẹ́nì sí àyà aṣọ rẹ̀. Ìyẹn yára dá a dúró.

“Ẹ dìde, ìyá mi. Ṣé yìgì lẹ ń lọ so ni?”

“Ọmọ yìí la mú wá ṣeré. Ta la máa rí?”

“Ẹ ti rí mi ná. Ẹ wọlé jàre, tiyín ni.”

A wọlé. Mo ti gbìyànjú láti kọ ohun tí mo rí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́. Koríko ni, àti iyanrìn, àti jangilọ́fà mẹ́fà lábẹ́ igi. Ariwo ọmọ gba gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìró ọ̀kadà nínú rẹ̀. Ìyá Télọ̀ bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọ inú koríko.

Ó gbé Al-Ameen sílẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn ohun tí wọ́n ń yọ̀ náà. Ọmọ náà di irin rẹ̀ mú, ó dúró. Àwọn ọmọ tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì yíyà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn lọ. Ọ̀kan bi í bóyá kò lè gùn ún ni.

“Aṣọ mi á dọ̀tí,” ni ó wí, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀. Jalámíà náà fún un ní orúnkún, ó fà á padà, ó sì fi ìdí jókòó sínú iyanrìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbé ike omi, mo rò pé ilé la tún ń lọ.

Ìyá Télọ̀ kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo rò pé yóò nu ojú rẹ̀. Àlùmọ́gàjí kékeré ló mú jáde nínú báàgì. Kò wọn nǹkan kan. Láti etí aṣọ ló ti là á gòkè dé itan, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan, ó fi pa àyà jalámíà funfun náà.

“Ó ti dọ̀tí tán,” ni ó wí. “Lọ ṣeré.”

Al-Ameen wo aṣọ rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àtẹ̀gùn, ó fa òsì tẹ̀lé e. Ní àtẹ̀gùn kẹta, ó dúró. Ìyá Télọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà tún gùn, ó dé orí rẹ̀, ó wo gbogbo wa láti òkè, ó sì yọ̀ wálẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi balẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó sáré yípo padà sí ìdí àtẹ̀gùn.

Láti oṣù mẹ́ta la ti ń bẹ̀ ẹ́ kó rìn. Nígbà tí à ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Nùrẹ́nì ní láti yára fa géètì tó kọjú sí títì pọ̀, nítorí Al-Ameen ló ń sáré bọ̀ yẹn, tí etí jalámíà rẹ̀ tí wọ́n là ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ìyá àgbà rẹ̀ sì ń sá tẹ̀lé e pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun.