Ta Ló Ń Rọ Omi Sínú Ìpékeré Mi?

Ó ń rún o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń rún! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu mi: kàrà, kàrà, kàrà! Mo ti jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí, mi ò sì tíì ṣe tán. Alhaja ti gbà á lọ́wọ́ mi lánàá! Wọ́n ní kí n tún gbé òmíràn wá!

Ẹ má bínú, ayọ̀ ló ń pa mí bí ọtí. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n rò fún yín bó ṣe ku díẹ̀ kí n pe èèyàn ẹlẹ́ran ara ní àjẹ́ nítorí ìpékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń dín ìpékeré tà nílé wa ní Òkè-Ogbo níbí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni, n ó bó o, n ó rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, n ó fi iyọ̀ sí i, ó di inú òróró gbígbóná. Bí mo bá kó o jáde, orí tíréè ńlá kan ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá yá, n ó dì í sínú ọ̀rá, n ó fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa.

Alhaja tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó ló ń bá mi tà á. Wọ́n fún mi láyè lórí pẹpẹ wọn, níwájú gan-an, níbi tí ojú kọ́sítọ́mà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń wá irú àyè yẹn? Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tí Ìyá Wúrà kó dé.

Télọ̀ ni Ìyá Wúrà. Ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, yàrá tó kọjú sí tèmi ló gbà. Lọ́jọ́ tó kó dé gan-an, ẹrù ṣì wà lórí ẹ̀, ó dúró ti tíréè mi. "Háà! Ìpékeré yìí mà dára o! Òórùn ẹ̀ nìkan tó èèyàn í fi jẹ ẹ̀bà!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní ta ni obìnrin náà? Níbo ló ti wá? Kí ló kàn án nínú iṣẹ́ mi? "Bùsáyọ̀, bo iṣẹ́ ẹ o! Bó bá ti ń kúrò lórí iná, má jẹ́ kí ojú kan án. Ayé ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀."

Ìmọ̀ràn ìyá ni, ṣé mo lè kọ̀ ọ́? Láti ọjọ́ yẹn, n kò tẹ́ nǹkan kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń jáde nínú òróró, kíá, inú ọ̀rá! Ó ṣì ń jó mi lọ́wọ́ báyìí, n ó ti lẹ ẹnu ẹ̀ pa. N ó kó gbogbo ẹ̀ sínú agbọ̀n, n ó fi ìró bò ó, n ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n ó ti ilẹ̀kùn. Ojú ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀?

Kò pẹ́ tí Alhaja fi pè mí. Ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ní kí n wá kó ẹrù mi. Mo sáré dé Sábó, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàrin ìka. Kò ṣẹ́! Ó ń tẹ̀ bíi rọ́bà!

"Bùsáyọ̀, ṣé ìpékeré lèyí ni, àbí awọ bàtà? Ọmọ yunifásítì kan bi mí pé ṣé wọ́n máa ń sè é kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ni. Wallahi, ojú tì mí!"

Ojú ti èmi náà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo padà sílé, mo dín òmíràn. Mo jẹ́ kó jinná dáadáa nínú òróró, mo tún fi ìró kejì kún ìró tó wà lórí agbọ̀n. Nígbà tí mo fa agbọ̀n jáde láti gbé e lọ, mo gbé ọ̀rá kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Omi! Omi wà nínú ẹ̀! Ó sẹ̀ kínkínní mọ́ ara ọ̀rá nínú lọ́hùn-ún, bí òógùn ní iwájú orí. Mo yẹ ẹnu ọ̀rá wò, ó ṣì lẹ̀ pa digbí. Mo wá ihò títí, kò síhò. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn mi. Ẹ dákun, ta ló lè rọ omi sínú ọ̀rá tí kò lẹ́nu, nínú yàrá tí wọ́n tì pa?

Èyí kì í ṣe ojú lásán!

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Wúrà jókòó sídìí máṣíìnì ẹ̀, ó ń kọrin. Ó rí mi, ó ní, "Bùsáyọ̀, ìgbà wo lo tún fẹ́ dín nǹkan? Imú mi ti ń retí ẹ o!"

Imú ẹ̀ ń retí kí ni? Kí ló fẹ́ fi ìgbà tí mò ń dín nǹkan ṣe? Kí ló dé tó jẹ́ pé bí òróró bá ti ń ta, ilẹ̀kùn ẹ̀ á ṣí? Kí ló dé tí kò sí wàhálà kankan kó tó kó dé? Mo kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà," mo wọlé, mo pe màmá mi. Wọ́n pariwo, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Fi ìró mìíràn kún un!" Mo fi kún un. Ó tún wá burú sí i!

Alhaja wá là á mọ́lẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ọmọ kan tó ń ta kókóró ti ń bẹ̀ wọ́n nítorí àyè mi. "Bó o bá gbé ọjà wá lọ́la tí kò rún, mi ò ní bá ẹ jà. Kókóró á kàn jókòó síbẹ̀ ni."

Àyè mi! N kò sùn dáadáa. Mo pinnu pé n ó mú Ìyá Wúrà, n ó mú un pẹ̀lú ẹ̀rí.

Lánàá, mo dín ìpékeré láàárọ̀. Mo di èyí tó pọ̀ jù, mo kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wá tẹ́ ìyókù sórí tíréè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbangba, bí èèyàn ṣe ń fi àgbàdo dẹ ẹyẹ. Èmi fúnra mi dúró sẹ́yìn kọ́tìnì mi, mo gbé kámẹ́rà fóònù sókè. Ẹsẹ̀ ń ta mí. Òógùn bò mí. N kò mira.

Ó pẹ́ díẹ̀, máṣíìnì dákẹ́. Ó jáde! Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ta ni kì í jalè tó ń wo ọ̀tún wo òsì? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí tíréè mi, ẹnu ẹ̀ ń mì. Yéè, ó ń pe ọfọ̀! Mo na etí. Ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé, "Ẹyọ kan péré. Ẹyọ kan ò lè dun ọmọlọ́mọ." Ó mú un, ó jù ú sẹ́nu.

Mo fò jáde! "Mo ti mú yín lónìí, Ìyá Wúrà!"

"Yéè! Màmá mi o!" Jìnnìjìnnì mú un, eyín ẹ̀ pàdé lójijì. KÀRÀ!

Mo dúró. Mo ní, "Ẹ tún un jẹ."

"Ẹ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òmíràn, ẹ tún un jẹ!"

"Bùsáyọ̀, ṣé ara ẹ yá báyìí?" Ṣùgbọ́n ó mú òmíràn, ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ti wù ú tẹ́lẹ̀. Kàrà! Èmi náà mú ẹyọ kan. Kàrà! Èyí tí mo gbé síwájú ọ̀tá ló ń rún!

Mo sáré wọlé, mo fa agbọ̀n jáde. Ọ̀rá ti ń làágùn. Mo fà á ya, ìpékeré inú ẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà! Òróró kan náà! Ìyá Wúrà tẹ̀lé mi, ó fọwọ́ kan ọ̀rá, ó yára fà á padà. "Ó mà ṣì gbóná! Ṣé gbígbóná báyìí lo ń dì í, bí ìrẹsì inú kúlà?"

Kúlà! Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ṣí ìdérí kúlà ìrẹsì, ṣé omi kì í kán sílẹ̀ lára ẹ̀? Ta ló rọ omi sí i? Èémí gbígbóná ni! Nígbà tí ìpékeré ń gbóná, èémí ń jáde lára ẹ̀. Bí mo ṣe dé e mọ́nú ọ̀rá, kò ríbi gbà. Bí ọ̀rá ṣe ń tutù, èémí yẹn di omi. Ìpékeré fúnra ẹ̀ sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkàn, níbi tí omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbẹ jáde nínú òróró. Ó kàn ń mu omi ẹ̀ padà ni! Ìró tí mo ń kó lé e ló tún jẹ́ kí ooru há síbẹ̀.

Láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni, mo jẹ́ kí èyí tó wà lórí tíréè tutù pátá kí n tó dì í. Mo dúró dè é títí di ọ̀sán, mo ń wò ó bí ọlọ́pàá. Kò sí omi kankan. Mo gbé e, ó di Sábó! Alhaja fi eyín gé ẹyọ kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ. "Alihamudulilahi! Kókóró á wá ibòmíràn jókòó!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín in, ẹ gbọ́ o: ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í. Bó bá sì ti tutù, ẹ má fi í sílẹ̀ pẹ́ lásìkò òjò, nítorí omi wà nínú afẹ́fẹ́ náà, á tún mu ún. Ohun tí èmi kọ́ ni pé bí mo ṣe ń sá fún ojú èèyàn tó ni mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́ tó. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí, tí ẹ wá rí i pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká jọ rẹ́rìn-ín.

Màmá mi ò tíì gbà o. Wọ́n ní Ìyá Wúrà kàn rí i pé mo ti gbọ́n ni, ló ṣe yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ láàárọ̀ yìí, mo dín ìpékeré, mo tẹ́ ẹ sórí tíréè, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Wúrà gan-an, mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ bá mi máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀, mo fẹ́ sáré lọ wẹ̀." Mo lọ wẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, n kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá mi.