Kékeré Ló Máa Nà Án

Bí mo bá ti rí àjẹ̀ lójú omi, atukọ̀ wa ni mo máa ń rántí. Láyé ìjọba sójà, tí gààrí wọ́n bí ojú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló fi máa ń tù wá kọjá ọ̀sà: "Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wa kékeré ayé òyìnbó, ẹ jẹ́ kó kojú òmìrán Amẹ́ríkà ayé ìsinsìnyí. Kékeré ló máa nà án!"

Lọ́jọ́ kan, sójà gìrìwò kan wọkọ̀. Ó ní, "Baba, irọ́ lo pa. Ẹni tó wúwo ló ń borí."

Baba gbé àjẹ̀ sílẹ̀ láàárín omi. "Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ ju ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo." Sójà dìde, ọkọ̀ mì, ó jókòó gbì, ó di etí ọkọ̀ mú.

"Ẹ ò tíì rí ẹni bá jà, ẹ ti ṣubú!"

Ẹ̀rín pa wá. Nígbà tá a gúnlẹ̀, sójà ní kí Baba máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí iyanrìn títí yóò fi gbà pé òmìrán ló máa borí. Baba ń fò, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá balẹ̀, "Kékeré ló máa nà án!" ló ń wí.

Èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, àmọ́ tí mo láyà ju gbogbo ọkùnrin Apá, ìlú wa, lọ, mo bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fò, mo ń gbè é.

Sójà tó dúró tì wá ló kọ́kọ́ rẹ̀.