Ọmọrí Ìkòkò Lẹ́nu Ẹ̀rọ Omi

Mo ti jowú rí, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ, ká má tíì wá sọ ti orogún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ọmọ kíláàsì mi ni mo ń jowú, ọmọbìnrin Ègùn kan tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Badagry. Bàbá mi ló sì fà á.

Bàbá mi ni olùkọ́ wa. Láti Èkìtì ni iṣẹ́ ti gbé wọn wá. Nílé, a jọ máa ń ṣeré, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ kíláàsì báyìí, wọn ò mọ̀ mí rí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ń ṣojúsàájú, “ìwọ” ni wọ́n máa ń pè mí. Bí mo bá dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ohun tí wọ́n á sọ ò ju “Jókòó” lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró kí bàbá mi yìn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn sójà ti gbàjọba. Ṣúgà di góòlù, mílíìkì di ìtàn. Bọ́dà wà ní títì, àwọn tí wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ ṣòwò sì jókòó sílé, ara ń kan wọ́n. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò ilé-ìwé wa. Epo tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà kò tó, nítorí náà wákàtí méjì péré lọ́sàn-án ni omi ń yọ. Ìjọba ti pàṣẹ pé dandan ni kí gbogbo ènìyàn máa tò sórí ìlà. Ó dáa, àwọn èèyàn wá ń fi òkúta tò. Láti ìdájí ni oníkálukú á ti lọ gbé òkúta kalẹ̀ bí àrópò ara rẹ̀, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí omi bá fi máa dé, òkúta tó wà nílẹ̀ á ti pọ̀ ju èèyàn lọ, gbogbo wọn á sì jọra bí ìbejì. Àwọn ará òkè tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá á ní àwọn Ègùn ló sún òkúta àwọn. Àwọn Ègùn á ní àwọn ará òkè ni. Garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fọ́ ìgò mọ́ ọkùnrin kan lórí. Àwọn sójà dé, wọ́n na gbogbo ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Lọ́jọ́ kejì, ìjà náà tún le ju ti àná lọ.

Ni bàbá mi bá ní kí kíláàsì wa lọ wádìí ohun tó ń fa ìjà náà. Wọ́n ní, “Ẹ má ka ìwé kankan. Ẹ wò, ẹ béèrè, kí ẹ wá sọ fún mi bí ìjà yẹn ṣe máa tán.” Wọ́n ti bá baálẹ̀ àdúgbò sọ ọ́: àbá tó bá dára jù, wọ́n á dán an wò lẹ́nu ẹ̀rọ.

Mo ní àyè mi ti dé. Àwa kì í pọn omi níbẹ̀ ní tiwa, kànga wà lágbàlá wa nílé àwọn olùkọ́, omi rẹ̀ sì dùn. Mo lọ aṣọ ilé-ìwé mi, mo mú ìwé lọ́wọ́, mo lọ dúró lókèèrè. Mo bi obìnrin kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí nìdí tí ẹ fi ń jà?” Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ọmọ tíṣà, ṣé o fẹ́ bá mi gbé garawa yìí rù ni, àbí o fẹ́ kúrò lọ́nà?” Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kọ. Àbá mi ni pé kí wọ́n fòfin de òkúta, kí gbogbo ènìyàn máa dúró fúnra wọn nínú oòrùn. Mo fa ìlà aláwọ̀ pupa sábẹ́ rẹ̀.

Ìdajì ojú ìwé ni ọmọ Ègùn yẹn kọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń pọn omi níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá mi ka tiẹ̀ sókè fún wa. Ọmọ náà ní òkúta kò ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá wù ú lè kó mẹ́ta sílẹ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi ọmọrí ìkòkò ńlá rẹ̀ tò. Ta ló ní mẹ́ta nínú ọ̀wọ́n yìí? Gbogbo obìnrin ló mọ ọmọrí aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá mú un, torí àtisè oúnjẹ.

Bàbá mi yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n wá ní, “O ṣeun, ọmọ mi.”

Ọmọ mi! Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá tèmi ti so ìlẹ̀kẹ̀ wọn mọ́ ìdí ọmọ ẹlẹ́ja, lójú mi kòrókòró.

Wọ́n dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ìdàrúdàpọ̀ òkúta yẹn di ìlà ọmọrí gbọọrọ lórí yanrìn: èyí tó ti dúdú, èyí tó ti tẹ̀, èyí tí wọ́n fi okùn so dípò ọwọ́ rẹ̀ tó já. Ọjọ́ tí ìjà ò bá ti ṣẹlẹ̀, bàbá mi á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí igun pátákó. Ọmọbìnrin náà á wá jókòó tì mí, á ní, “Nọvi,” bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ ìyá ẹni, “ìwé tìẹ náà dáa o. Ó kàn gùn ni.” Àánú mi ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Bí mo bá ti rí ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó máa ń ṣe mí bí i kí n fi aṣọ mi nù ún kúrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìlà ì bá pé méjìlá, mo gba ẹnu ẹ̀rọ lọ sílé-ìwé. Òjò ti rọ̀ nídàájí, lẹ́yìn tí oníkálukú ti to ọmọrí rẹ̀. Àwọn ọmọrí wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀, torí wọn ò nílò ẹ̀ṣọ́ mọ́. Mo gbé èyí tó wà níwájú pátápátá, ọlókùn yẹn, mo lọ fi í sí ẹ̀yìn pátápátá. Mo sọ fún ara mi pé mò ń dán àbá náà wò ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n jà.

Wọ́n sì jà. Nígbà tí omi dé lọ́sàn-án, obìnrin tó ni ọmọrí náà pariwo pé àwọn ará òkè ti tún bẹ̀rẹ̀, bí garawa ṣe dìde nìyẹn. Ọmọ Ègùn yẹn kó sáàárín wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Etí garawa bá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan kán níwájú. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kò ní sí ìlà lórí pátákó lọ́la. Mo ti dàgbà báyìí, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe lè fi ẹnu wẹ ara mi mọ́ kúrò nínú ìyẹn.

Bàbá mi ní ká wádìí èyí náà. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà mú ìwé kan wá. Ètè rẹ̀ ti wú, kò lè ka nǹkan kan jáde. Bàbá mi wo kíláàsì yíká, wọ́n wá nawọ́ sí mi. “Ìwọ, wá bá a kà á. Ohùn rẹ ló já gaara jù.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀. Mo dúró níwájú, mo gbé ohùn sókè, mo ń kà á lọ láìmọ ohun tí mò ń bọ̀ wá bá: “Lẹ́yìn òjò, kí èrò tó dé, ojú bàtà ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí tí wọ́n sún. Sáńdààlì ilé-ìwé ni. Kò sí ojú ìdí garawa lẹ́bàá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ọmọrí wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í pọn omi níbẹ̀.”

Ohùn mi tó já gaara já sí méjì. Nínú kíláàsì wa, èmi nìkan lọmọ olùkọ́, èmi nìkan ni kì í pọn omi níbẹ̀. Bàbá mi ní, “Parí ẹ̀.” Mo parí ẹ̀: “Àbá mi ni pé kí a má wá ẹni náà. Kí a dá ọmọrí padà sí àyè rẹ̀, kí a máa tò lọ.”

Nígbà tí a délé, bàbá mi kò nà mí. Wọ́n kàn bi mí pé, “Kí ló ṣe ọ́?”

Mo ní, “Ẹ pè é ní ọmọ yín.”

Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n mú kẹ̀kẹ́. Mo ní kí n tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní rárá.

Ọmọbìnrin náà ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí ètè rẹ̀ san. Ó ní bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá òun nínú èéfín ẹja, lójú gbogbo àwọn tó wà létí ọ̀sà, òun àti ìyá òun sì sáré wá gbé wọn dìde. Bàbá mi kọ̀, wọn ò dìde. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ló ṣe é. Ọmọ tèmi ni. Ẹ bá mi dárí jì í.”

Mo ní kó tún un sọ fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó tún un sọ.