Ẹni Tó Fún Wáyà Kọ̀ọ̀kan Ní Orúkọ Ilé Rẹ̀
(Ìdágbére fún ọkọ mi, Ẹnjiníà Akínlabí)

Áà, Àkànní! Ó wá dìgbà náà lóòótọ́. Ó wá di ojú àlá kí n tó tún rí yín. Èmi Morẹ́nikẹ́, aya yín, ni mo dúró níwájú ará ilé, ará ọjà àti ará ilé ìwòsàn, láti sọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́. N kò ní fi ẹkún sọ ọ́. Ẹni tó bá lo ayé rẹ̀ bí ẹ ti lò ó, oríyìn ló tọ́ sí i ju omijé lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yín, ṣùgbọ́n Jos ni bàbá yín ti ń ta aṣọ nígbà tí wọ́n bí yín, Hausa ló sì kọ́kọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Ọjọ́ tí ẹ wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi ní Èkìtì, ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Morẹ́nikẹ́, ṣé ọmọ Yorùbá nìyí lóòótọ́?” Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ní, “Màmá, ọmọ Yorùbá ni mí. Ẹnu mi nìkan ló ṣẹ́kù sí Jos.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ yín sí Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà, alárinrin tó máa ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Àwọn díẹ̀ ló mọ ohun tó mú mi gbà láti fẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń wọ aṣọ dáadáa lọ wò. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní Jos. Ilé ìwòsàn wa ra kọ̀ǹpútà kan, wọ́n gbé e sínú yàrá tirẹ̀, wáyà sì gùn láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ti àwọn ọkùnrin, àti ti àwọn aláboyún. Ní òpin wáyà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà. Bí àwọn ará láàbù bá yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò tán, wọn á tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn á sọ wáyà tó máa gbà, ìwé á sì jáde ní wọ́ọ̀dù tó yẹ. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ń wà lórí ìwé náà, nítorí gbogbo wa gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣìnà.

Ọ̀sán kan nígbà òjò, iná lọ, ó sì padà dé. Kò pẹ́, ìwé jáde ní wọ́ọ̀dù wa: bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ẹ̀jẹ̀ oríṣi A. Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin wa ni Ladi wà, ọmọdébìnrin kan láti Anglo Jos tí ibà ti gbẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tán. Dókítà ti ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìyá Ladi ti sọ fún mi láàárọ̀ pé níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ náà, oríṣi O ni wọ́n pe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ béèrè.”

Mo sáré dé láàbù. Oríṣi O ni ti Ladi lóòótọ́. Bàbá kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló ni oríṣi A; ìwé tirẹ̀ ló wá sọ́dọ̀ wa, ìwé Ladi sì lọ sọ́dọ̀ wọn. Ká ní a ti fa ẹ̀jẹ̀ A sí ọmọ náà lára, òkú ni à bá gbé fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O ni a fà sí i, ó sì la ojú.

Ìbínú ni mo bá lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Àkànní, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí yín nìyẹn. Ẹ kí mi, “Sannu, Sístà.” Mo pariwo, “Ẹ̀rọ yín fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!” Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bá mi jiyàn. Ẹ fa àga kan fún mi, ẹ ní, “Ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.” Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ bi mí: “Ṣé iná kọ́kọ́ lọ kí ìwé náà tó jáde?”

Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá jí, ó ń ka àwọn wáyà rẹ̀ lọ́tun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá kọ́kọ́ dáhùn, ó sọ wáyà rẹ̀ ní Ìkíní. Èyí tó tẹ̀lé e, Ìkejì. Wọ́n ti sọ fún àwọn ará láàbù pé Ìkíní ni wọ́ọ̀dù ọmọdé. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa pẹ́ kó tó jí, ti àwọn ọkùnrin sì gba orúkọ wa mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, “Sístà, ohun tó ń pè wọ́n yìí kì í ṣe orúkọ. Ipò orí ìlà ni. Ẹni tó bá tètè dé ló ń gbà á.”

Ọ̀gá tó ń ṣàkóso ẹ̀ka yín ní ọ̀rọ̀ náà kéré. Wọ́n ní, “Kọ ìkìlọ̀ sára ògiri, kí wọ́ọ̀dù ọmọdé máa kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ tiwọn. Ó parí.”

Ẹ ní, “Ọ̀gá, bí iná bá dé, gbogbo wọn ló ń jí pọ̀. Iná kì í ka ìkìlọ̀. Mi ò ní tan ẹ̀rọ yìí títí màá fi tún un ṣe.”

Àwọn àlejò láti ọ̀dọ̀ ìjọba sì ń bọ̀ wá wo kọ̀ǹpútà náà láìpẹ́. Ọ̀gá fárígá. Wọ́n ní bí ẹ kò bá tàn án, kí ẹ múra àtilọ sílé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ nígbà tó yá pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ìyá yín àti àwọn àbúrò yín, síbẹ̀ ẹ kò yẹsẹ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lápò, ẹ gbé e sórí tábìlì. “Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ rèé. Ẹni tó bá tàn án, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ọ̀gá kò mú un.

Mo ròyìn fún mètírọ́nù wa, olórí àwa nọ́ọ̀sì. Màmá náà ní, “Kí ọmọkùnrin yẹn máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. A ṣì ní ẹsẹ̀.” Báyìí ni àwa nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gba èsì láti láàbù, nínú òjò Jos tó ń gúnni bí abẹ́rẹ́, tí a da ọ̀rá bo orí. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Mo ń yà wò yín lẹ́yìn iṣẹ́. Mo béèrè ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ ní, “Ṣebí ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ? Ẹ̀rọ yìí kò wo ilé ni.” Ẹ fi hàn mí: wáyà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ihò náà kì í sì í ṣí kúrò níbi tó wà, bí iná lọ bí iná dé. Ẹ wá yí àṣẹ inú ẹ̀rọ náà padà, kó má béèrè mọ́ pé ta ló kọ́kọ́ jí, kó máa béèrè pé inú ihò wo ni o ti wá. Ìkíní àti Ìkejì parẹ́. Wọ́ọ̀dù Ọmọdé, Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin, Wọ́ọ̀dù Aláboyún ló rọ́pò wọn. Ẹ kun ihò kọ̀ọ̀kan àti wáyà rẹ̀ ní ọ̀dà kan náà, tiwa sì jẹ́ pupa. Èmi ni mo ní kí orúkọ aláìsàn fúnra rẹ̀ wà lórí ìwé. Ẹ lu orí ara yín, ẹ ní, “Kai! Ibo ni mo wà tí mi ò rò ó?” Ẹ sì fi í sí i.

Ọjọ́ àwọn àlejò pé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà fúnra wọn, kí wọ́n sì tan àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bó bá ṣe wù wọ́n. Èmi dúró ti ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n tan ti àwọn aláboyún ṣáájú, wọ́n fi tiwa ṣe ìkẹyìn. Ìwé jáde: Wọ́ọ̀dù Ọmọdé, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó wà níwájú mi. Wọ́n yí ètò náà padà, wọ́n tún un yí. Kò ṣìnà rárá. Mo jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lára mi. Ọ̀gá yín di ọwọ́ yín mú níwájú àwọn àlejò, wọ́n ní, “Ọmọ yìí ló dá mi dúró nígbà tí mò ń sáré.” Ọ̀gá wà níbí lónìí, wọ́n wà lára àwọn tó gbé pósí yín.

Ìyá Ladi gbé àpò pòtétò kan wá fún yín. Ẹ pín in sí méjì, ẹ ru ìdajì wá sílé mi ní Kabong, ẹ ní, “Ìpín yín rèé, Sístà.” Mo ní kí ẹ wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ọkọ tó ń gbọ́ tẹnu ìyàwó tán kó tó fèsì. Ẹ jẹ́ bàbá tó ń gbé àwọn ìbejì wa lọ sí Rayfield lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n lè sọ òkúta sínú adágún. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sì ń sọ fún wọn: “Ẹ má fi iyèméjì tan ẹ̀rọ.” Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí di àyà yín mú, tí egbòogi kò ràn án mọ́, èmi ni mo ń sunkún, ẹ̀yin lẹ ń tù mí nínú: “Sai hakuri, ṣe sùúrù, Morẹ́nikẹ́. Mo gbádùn rẹ.”

Èmi náà gbádùn yín, Bàbá Ìbejì. Ladi ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ọmọ yín yóò gbó, wọn yóò tọ́. Mo sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà ayé yín, bí iná bá lọ, ẹ kì í sùn dénú. Ẹ máa ń fetí sílẹ̀ dè é, kí ẹ lè sáré lọ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe jí. Ẹ má fetí sílẹ̀ mọ́. Àwọn tí ẹ kọ́ ti wà nídìí rẹ̀. Ẹ sinmi èjìká, ẹ di ojú méjèèjì. Ẹ sùn re o, Àkànní mi. Ẹ sùn dénú.