Ipa Ìka Nínú Òrí

Òórùn òrí ni mo fi mọ yàrá àwọn òbí mi ní Àgùdà láti kékeré. Bàbá mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, gbogbo àárẹ̀ iṣẹ́ náà sì jókòó sí wọn lẹ́sẹ̀. Lálaalẹ́, bí wọ́n bá ti wẹ̀ tán, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí itan màmá mi, màmá mi á fi ìka bu òrí nínú agolo kékeré kan, wọ́n á máa fi pa ẹsẹ̀ náà, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Lórí kí ni? Lórí ata inú ọbẹ̀, lórí ìwàásù pásítọ̀, lórí ta ló kọ́kọ́ wo ta nígbà tí wọ́n pàdé. Bó o bá ń gbọ́ wọn láti pálọ̀, wàá rò pé ìjà ni.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni màmá mi kú, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ wá. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." "Ẹ mọ́kàn le, ẹ̀yin lọkùnrin." Bàbá mi mọ́kàn le lóòótọ́, wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Kó ẹrù ìyá ẹ kúrò nílé yìí. Bí bàbá ẹ bá ń rí i, òkú á máa pè é." Èmi tí mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò kan ní Súrúlérè, èmi tí mo ń fi ìwé tí mo kà yangàn, mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Lọ́jọ́ Sunday kan tí bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó aṣọ, bàtà, àpótí tòun ti ohun tó wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, ó di ọ̀dọ̀ Àǹtí. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá mi fi ojúgun kọ irin géètì. Egbò kékeré ni, irú èyí tó máa ń jinná kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, egbò ò pa ojú dé, ńṣe ló ń fẹ̀. Ọ̀fìnkìn wọlé, kò jáde. Ibà tẹ̀ lé e. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni, kò sí i. Mo ka àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá kòkòrò àrùn jà, wọ́n pé. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní bí egbò náà ò bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun á dá wọn dúró sí ọsibítù, torí pé ó ti fẹ́ dé eegun. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé mo fẹ́ sin ìyá, kí n tún sin bàbá láàárín ọdún kan ni?

"Àwọn ọmọ ogun wọn pé, wọn ò kàn dìde ni," ni dókítà náà wí. "Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n?" Mo ní ìyàwó wọn ló kú. Ó wá ń ṣàlàyé pé bí ìbànújẹ́ bá pẹ́ lára, tí oorun ò sí, tí oúnjẹ ò wọlé, ara á máa ṣe bíi pé ewu wà lẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán-tòru, títí tó fi máa rẹ àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Mo ti ka nǹkan yìí nílé ìwé, mo tiẹ̀ yege nínú ìdánwò ẹ̀. Inú ìwé ló wà, mi ò rò ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi rí. Dókítà bi mí pé, "Ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ nǹkan kan fún mi nípa màmá mi."

"Agolo òrí yẹn," ni wọ́n wí. "Ibo lo gbé e sí? Ìka ìyá ẹ wà nínú ẹ̀. Bó ṣe bù ú kẹ́yìn ló ṣe wà. Mo máa ń ṣí i wò láràárọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Gbogbo yín lẹ ní kí n ṣe ọkùnrin."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wojú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo yá kúlà kan tí a fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́, mo kó yìnyín sí i, torí pé oòrùn mú, òrí á sì yọ́ lọ́nà. Nígbà tí mo dé Èbúté Mẹ́ta, mi ò tíì jókòó tí mo fi béèrè. "Àǹtí, òrí inú àpótí yẹn, ṣé ẹ ti bù nínú ẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi ni kí n máa fi òrí òkú para?"

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ẹ̀rù òkú ń bà wọ́n. Mo ṣí agolo náà: ojú ìka méjì, wọ́n jìn, wọ́n tẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Ìka ìyá mi ni. Ní Costain, lọ́nà ilé, onímárúwá tó gbé mi wò mí nínú dígí.

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú kúlà yẹn ni?"

"Òrí ni. Jọ̀ọ́, rọra sáré."

"Òrí nínú yìnyín? Èkó o!"

Bàbá mi gba agolo náà, wọ́n fi ìka tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà, wọn ò tì í bọ inú ẹ̀. "Ìka ẹ̀ kéré sí tèmi," ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́kún. "Ẹ mọ́kàn le" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ti ra òrí tuntun, mo gbé ẹsẹ̀ wọn tí kò ní egbò sórí itan mi, mo ń pa á.

"O ń rọra jù. Ìyá ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọ jíǹsì."

"Bàbá, ẹ fẹ́ràn àríyànjiyàn o."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀?"

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé òrí ló wo egbò sàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń dì í, bàbá mi ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin àti ẹja, nítorí pé mo ń bá wọn jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ màmá mi títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, dókítà tú báńdéèjì, ó rí ẹran ara tuntun, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀ ọsibítù mọ́. Mo tún ka ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ wọn: iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì jẹ́, wọ́n kàn ti dìde ni.

Láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọ̀ mi, mi ò kí i pé kó mọ́kàn le mọ́. Orúkọ ẹni tó lọ ni mo máa ń bi í. Bí ìgbà ooru bá sì dé, fóònù mi á dún níbi iṣẹ́.

"Oòrùn ti mú o," ni bàbá mi á wí. "Gbé kúlà bọ̀, kí ìyá ẹ má yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."