Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọ̀já Ọmọ Di Gíà Ọkọ̀

Ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi tú gíà ọtomátíìkì ọkọ̀ wa nílé, ní Òmù-Àrán, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Sípánà pé, jáàkì wà lábẹ́ gíà, a sì ti gbé ọkọ̀ lé ìtì igi. Bí Bàbá Bọ́lá ṣe tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀, gíà fì lórí jáàkì, ó fẹ́ já lé e láyà. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

“Ìyá Bọ́lá, okùn!”

Okùn dà? Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ tí mo pọ̀n fún ìyá ọkọ mi tó dúró tì wá, mo fàyà fà wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì fi ọ̀já di gíà mọ́ jáàkì pinpin. Ó dúró. A rọra sọ jáàkì kalẹ̀.

“Ìyàwó, o mà pọ̀n ọ́n dáadáa!” ni ìyá ọkọ mi wí. “Ṣọ́ra o, kó má tọ̀ sí ọ lára.”

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, epo gíà ti dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi jáde láìfarapa, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé.